Ẹni Tí Bàbá Padà Lọ Wá

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Péjú Adéwùmí nígbà tí bọ́ǹbù pa bàbá rẹ̀ ní Terminus, ọjà kan láàrin ìlú Jọ́ọ̀sì. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó tó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ gan-an fún ẹnikẹ́ni.

Oyèdélé ni orúkọ bàbá náà. Bàbá tirẹ̀ ló ti Ìkọ̀lé Èkìtì wá sí Plateau lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ìjọba ń wá olùkọ́ kiri, tí kò sì padà sílé mọ́. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí Oyèdélé sí. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ni òun náà ti di olùkọ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní jọ́gíráfì. Èdè Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn aládùúgbò ní Rantya kì í pe orúkọ rẹ̀, Málàm ni wọ́n ń pè é. Bí ènìyàn bá bi í pé ọmọ ibo ni, á ní ọmọ Ìkọ̀lé ni òun. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun ń lọ sílé, Rantya ló ń wí.

Agbẹ̀bí ni Motún, ìyàwó rẹ̀. Péjú nìkan ni wọ́n bí, ṣùgbọ́n ọmọ méjì ló dàgbà nínú ilé wọn. Èkejì ni Ànú Ọládipúpọ̀. Bàbá Ànú àti Oyèdélé jọ ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé kan náà, àìsàn sì pa á nígbà tí Ànú wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí iṣẹ́ sí Àbújá, Oyèdélé ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun kó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí Ànú ṣe di ọmọ ilé nìyẹn. Òun àti Péjú jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, wọ́n jọ ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì jọ wọ yunifásítì lọ́dún kan náà. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rò pé ìbejì ni wọ́n.

Ọjọ́ Tuesday ni ogúnjọ́ oṣù karùn-ún bọ́ sí lọ́dún 2014. Ibà ń ṣe Péjú lọ́jọ́ náà, kò lè jáde. Ànú ní òun fẹ́ lọ ra bàtà ní Terminus. Nígbà tó di bí aago méjì, Bàbá náà jáde, ó fẹ́ lọ gba dígí ojú rẹ̀ lọ́wọ́ onídígí tó ń bá a tún un ṣe lágbègbè ọjà yẹn. Mọ́mì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Aago mẹ́ta ń lọ lù nígbà tí Péjú gbọ́ ìró kan láti òkèèrè. Oṣù karùn-ún ni, òjò sì máa ń dédé ṣú ní Jọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tó fi rò pé àrá ni. Ó dìde, ó jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Ọ̀run mọ́ kedere. Ó ṣì kó aṣọ náà mọ́ àyà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Péjú, èmi ni," ohùn bàbá rẹ̀ nìyẹn. "Má jáyà. Nǹkan kan bú gbàmù lọ́jà, ṣùgbọ́n kò kàn mí, mo ti wà lódìkejì títì. Mo pe màmá ẹ, kò gbé e. Tó bá délé kí n tó dé, sọ fún un pé mo ń bọ̀."

Àyà Péjú kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí.

"Dádì, Ànú wà níbẹ̀. Ó lọ ra bàtà."

Péjú ń gbọ́ igbe àwọn ènìyàn lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bàbá náà bi í pé apá ibo. Péjú ní níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà, ó sì bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ bá mi wá a. Ẹ má fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

"Mo ti gbọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Má sunkún mọ́. Màá wá a rí."

Kò ju bí ìdajì wákàtí lọ lẹ́yìn ìró àkọ́kọ́ tí ìkejì fi dún. Àwọn tó sáré wá gbé àwọn tó fara pa ni ìkejì yẹn bá. Láti ìgbà náà lọ, bí Péjú bá ti pe bàbá rẹ̀, ìpè náà kì í wọlé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ànú gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò sí ìpalára kankan lára rẹ̀. Ó ní wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá mọ́, pé òun fẹsẹ̀ rìn, pé òun kò tilẹ̀ dé ọjà náà rárá. Péjú wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ funfun gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀, irú èyí tó máa ń wà létí àwọn adágún tí àwọn awakùsà ayé àtijọ́ gbẹ́ sílẹ̀ ní Rayfield. Péjú mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Rayfield tí Ànú ń bá rìn. Ó mọ̀ pé Ànú kò fìgbà kankan gbèrò láti lọ sí ọjà lọ́jọ́ náà, pé irọ́ bàtà yẹn ló fi jáde nílé. Kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ṣì ń wá Bàbá nígbà náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì rí ọkọ rẹ̀ ní yàrá òkú. Ṣẹ́ẹ̀tì tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ fún un lánàá ọjọ́ náà ló fi mọ̀ ọ́n. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, àwọn oníṣòwò, àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn tó kàn ń kọjá lọ.

Onídígí yẹn kò kú. Òun ló wá sọ fún Mọ́mì nígbà ọ̀fọ̀ pé ojú òun báyìí ni Málàm ṣe bọ́ sódìkejì títì láìfarapa, pé ó dúró, ó fi fóònù sétí, lẹ́yìn náà ló yí padà, tó sáré wọ inú èéfín lọ. Onídígí náà kò mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ní òun mọ̀. Ó ní olùkọ́ ni, kò lè rí ọmọ ọlọ́mọ nínú ìyà kó máa lọ sílé. Ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú, gbogbo ìjọ sì sunkún. Ó sọ ọ́ nígbà tí ọdún kan pé, àti nígbà tí ó pé méjì. Gbogbo ìgbà tó bá ti ń sọ ọ́ ni Péjú máa ń wo ilẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé Péjú pinnu láti fi òótọ́ náà pamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ fi gbà á, ìtàn Mọ́mì ti délé dóko, ó sì rí i pé ìtàn yẹn ni Mọ́mì ń gbára lé láti dìde láàárọ̀. Bí ó bá ní òun ni òun rán Dádì padà, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún ìyá rẹ̀? Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni ọ̀rọ̀ náà ń le sí i nínú rẹ̀.

Ànú ló wá forí fá a. Péjú kó kúrò nínú yàrá wọn, ó ní òun fẹ́ máa dá sùn. Bí Ànú bá bá a sọ̀rọ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ. Ànú rò pé ìbànújẹ́ ni, ó fara dà á. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó lọ sí Àbújá, ó ṣègbéyàwó níbẹ̀, ó bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwabùkúnmi. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí kì í wá sí Jọ́ọ̀sì fún ogúnjọ́ oṣù karùn-ún. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni yóò dé, yóò bá Mọ́mì tún ilé ṣe, yóò tẹ̀lé e lọ síbi ìrántí, yóò sì sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí bàbá tó bí i kú. Péjú ti di nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ó máa ń tọrọ kí wọ́n fi òun sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kó lè rí àwáwí ṣe.

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Terminus, Alhaja Tohirat, ló dá ìrántí náà sílẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ tirẹ̀ kú. Ìdílé mélòó kan péré ló ń péjọ, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí ọjà. Pásítọ̀ á gbàdúrà, lèmọ́mù á gbàdúrà, wọn á ka orúkọ àwọn òkú wọn, wọn á sì rìn dé etí títì láti dúró díẹ̀ ní ìdákẹ́rọ́rọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ọdún mẹ́wàá, Alhaja wá sí Rantya. Ó ní lọ́dún yìí òun fẹ́ kí ẹnì kan láti ìdílé kọ̀ọ̀kan dìde, kó sọ irú ènìyàn tí ẹni tiwọn jẹ́ àti bó ṣe kú, nítorí àwọn ọmọdé tí wọn kò tíì bí nígbà yẹn ti ń dàgbà. Mọ́mì kọjú sí Péjú. Ó ní òun ti sọ ọ́ tó, ohùn òun kò tún gbé e mọ́, pé Péjú ni yóò sọ ti ọdún yìí. Péjú ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Mọ́mì ní kó lọ tọrọ àyè.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Péjú fi ń kọ ọ́. Bó bá ti dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti yí padà, bírò á dúró. Ó gbìyànjú láti kọ ọ́ bí Mọ́mì ṣe máa ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn á kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, pẹ̀lú orúkọ Ànú, á sì rí i pé ara òun yá gágá lórí ibi tí orúkọ yẹn wà. Ìyẹn dẹ́rù bà á. Ó fa ìwé náà ya.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ànú mú Bùkúnmi jáde láti lọ kí àwọn aládùúgbò. Mọ́mì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé acha, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ ní Plateau, sínú àwo pẹrẹsẹ, ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Péjú lọ bá a, ó jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀.

"Mọ́mì, mi ò lè sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí."

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Péjú wá sọ ọ́. Ó ní bàbá òun pe òun. Ó ní ó ti ń bọ̀ nílé. Ó ní Ànú sọ pé òun ń lọ ra bàtà, òun sì bẹ Dádì pé kí wọ́n padà lọ wá a, pé nítorí òun ni wọ́n ṣe padà, pé Ànú kò sì sí níbẹ̀.

Ọwọ́ Mọ́mì dúró nínú acha. Ohun tó béèrè kì í ṣe ohun tí Péjú ń retí.

"Kí ló wí?"

"Mọ́mì?"

"Ọkọ mi. Nígbà tó pè ẹ́. Sọ ọ́ fún mi bó ṣe sọ ọ́."

Péjú sọ ọ́. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí kì í gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti ní, "Sọ fún un pé mo ń bọ̀," ìyá rẹ̀ pa ojú dé. Ìgbà yẹn gan-an ni Péjú ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí òun ṣe. Fún ọdún mẹ́wàá, ohun tó ń wúwo lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun rán bàbá òun sínú ikú. Kò rò ó rí pé bàbá òun rán òun níṣẹ́, pé òun kò jẹ́ iṣẹ́ náà.

Mọ́mì gbé àwo kalẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Péjú jókòó síbẹ̀. Adìẹ aládùúgbò kan wọlé wá, ó ń jẹ acha náà, Péjú kò lè lé e.

Ó tó wákàtí kan kí ìyá rẹ̀ tó jáde. Ó ti múra tán, ó ti wé gèlè dúdú. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Mò ń gbẹ̀bí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí. "Fóònù mi wà nínú báàgì. Nígbà tí mo jáde, mo rí i pé ó ti pè mí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé ó pè mí kó lè dágbére fún mi, mi ò sì sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá, Péjú. O mọ ohun tó fẹ́ sọ fún mi, o sì ń wò mí."

Péjú kúnlẹ̀.

"Pé o ní kó padà, mi ò bínú nítorí ìyẹn. Ọmọdé ni ẹ́, ẹ̀rù ń bà ẹ́. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo gbé ìpè yẹn, tí mo sì rò pé Ànú wà níbẹ̀, ohun kan náà ni mo máa sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó rán ẹ sí mi..." Kò parí rẹ̀. Ó fi etí gèlè nu ojú. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá Ànú mọ̀.

Péjú ní kò mọ̀.

"O fẹ́ sọ fún un?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún un," ni Péjú wí. Ó wá jẹ́wọ́ ìyókù. "Mo fẹ́ kó dùn ún."

Mọ́mì wò ó títí. "Tó bá jẹ́ nítorí kó lè dùn ún ni, má sọ ọ́ lónìí. Ọjọ́ tí o bá lè sọ ọ́ láìfẹ́ kó ṣubú, ọjọ́ yẹn ni kí o sọ ọ́. Dìde, lọ bọ́jú."

Wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Terminus, Mọ́mì, Péjú, Ànú àti ọmọ rẹ̀. Ọjà ń lọ bó ṣe máa ń lọ. Àwọn ọlọ́mọge ń dúnàádúrà, ẹnì kan ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn eku. Nínú gbọ̀ngàn náà, bí ogójì ènìyàn ló jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Alhaja ń ka orúkọ. Bó bá ka ọ̀kan, ará ilé olóògbé náà á dìde, àwọn yòókù á sì dáhùn ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Allah ya jiƙansa," tàbí "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere." Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ èyí tí ẹlòmíràn ń lò. Bàbá àgbàlagbà kan sọ nípa ọmọ rẹ̀ tó ń ta agbòjò. Ọ̀dọ́bìnrin kan ní òun kò rántí ojú ìyá òun mọ́, òórùn ìpara rẹ̀ nìkan ló kù.

Nígbà tí Alhaja pe Oyèdélé Adéwùmí, Péjú dìde. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gun orí àpáta kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ibi tí omi ń ṣàn gbà. Ó sọ bó ṣe máa ń fi Èkìtì bínú, tó sì máa ń fi Hausa ṣe àwàdà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ìyá rẹ̀. Mọ́mì mi orí sí i.

"Ẹ ti máa ń gbọ́ pé bàbá mi padà nítorí àwọn tí wọn ò mọ̀ rí," ni Péjú wí. "Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé àwọn kan dìde lójú ọ̀nà, mo mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí wọ́n padà. Wọ́n pè mí pé àwọn ń bọ̀ nílé, mo ní kí wọ́n lọ bá mi wá ẹnì kan tí a fẹ́ràn. Ẹni yẹn kò sí níbẹ̀, ó yè. Inú mi dùn pé ó yè. Ó ti pẹ́ tí mi ò lè sọ ìyẹn."

Ó ṣọ́ra, kò dárúkọ. Kó tó jókòó, ó ti rí i pé Ànú gbé Bùkúnmi lé Mọ́mì lẹ́sẹ̀, ó sì ń jáde lọ.

Péjú tẹ̀lé e. Ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà, níbi tí Ànú ti fọwọ́ ti ògiri. Òjò wẹ́wẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni, àbí?" ni Ànú béèrè láìyíjú padà.

Nínú kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, Péjú ti múra irọ́ kan sílẹ̀ fún ìbéèrè yìí. Kò lè pa á.

"Ìwọ ni."

"Mi ò sí lọ́jà. Rayfield ni mo wà, mo..."

"Mo mọ̀. Mo rí ẹrẹ̀ lára bàtà ẹ."

"Láti ọjọ́ yẹn?"

"Láti ọjọ́ yẹn."

Ànú fara ti ògiri wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó sínú omi òjò pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Kò pariwo. Ó kàn ń wí pé, "Mo ní bàtà ni. Mo ní bàtà ni mo fẹ́ lọ rà."

Ó ti pẹ́ tí Péjú ti ń rí ìṣẹ́jú yìí nínú ọkàn rẹ̀. Ní ìgbà tó burú jù, lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tó bá dá jókòó, ó máa ń ṣe é léraléra, bí yóò ṣe sọ ọ́, bí ojú Ànú yóò ṣe rí. Ó rò pé ara òun á fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù. Nígbà tó wá dé tán, ohun tó rí kò ju ọmọbìnrin kan tó bá a jẹun nínú àwo kan náà fún ọdún mẹ́jọ, tó jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó lọ jókòó tì í. Omi òjò wọ inú aṣọ tirẹ̀ náà.

"Gbọ́ mi," ni ó wí. "Ìwọ purọ́ bàtà. Èmi ní kí wọ́n padà. Dádì fúnra wọn ní àwọn máa wá ẹ rí, wọ́n sì lọ. Kò sí èyí tó pa ènìyàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó gbé bọ́ǹbù síbẹ̀ ló pa wọ́n."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí. Ẹnu ara rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì yà á lẹ́nu pé òun gbà á gbọ́.

Ànú jẹ́ kí Péjú di ọwọ́ òun mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò di ti Péjú padà. Nígbà tí àwọn ènìyàn jáde láti rìn lọ sétí títì, kò bá wọn lọ. Ó gba ọmọ rẹ̀, ó kí Mọ́mì láìwò ó lójú, ó sì wọ ọkọ̀ Àbújá ní ọ̀sán náà. Alhaja bi Péjú pé kí ló ṣẹlẹ̀. Péjú ní òótọ́ ló ṣẹlẹ̀. Alhaja kàn wí pé, "Haƙuri, ọmọ mi, ṣe sùúrù," ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ilé kò rọrùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà. Mọ́mì kò bá Péjú jà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, á wí pé, "Sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i." Péjú á tún sọ ọ́, láti "Péjú, èmi ni" títí dé òpin. Nígbà mìíràn Mọ́mì á béèrè ohun kéékèèké: ṣé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣé ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Péjú á sọ èyí tó mọ̀, á sì ní òun kò mọ ìyókù. Ọjọ́ kan wá kọjá tí Mọ́mì kò béèrè. Ọjọ́ kejì, kò béèrè. Ó ní kí Péjú bá òun wá iṣẹ́ abẹ́rẹ́ òun tí òun pa tì látọjọ́ pípẹ́.

Ànú kò pè. Péjú ń pè é, kò gbé e. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e, tó ń sọ pé ara rẹ̀ yá, pé ó ní kí wọ́n fún òun láyè. Oṣù kẹfà lọ, oṣù keje lọ. Péjú mọ ohun tó ń ṣe é, nítorí òun náà ti gbé inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ènìyàn jáde níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ní ọ̀sán ọjọ́ Saturday kan tí òtútù mú, tí òjò sì ti ń rọ̀ láti àárọ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Péjú ló ṣí i. Ànú ló dúró síbẹ̀, ó ti rù, ó di Bùkúnmi lọ́wọ́ mú, àpò aṣọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí Péjú tó lè sọ nǹkan, Ànú ti rí Mọ́mì nínú pálọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ọ̀wààrà òjò ti ń ta sí i lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan tó hàn pé ó ti ń tò jọ láti Àbújá, pé òun kò yẹ lẹ́ni tó ń wọ ilé yìí, pé bí òun bá ti mọ̀...

Mọ́mì dìde. Ó gbé abẹ́rẹ́ àti òwú sílẹ̀, ó rìn wá, ó sì bọ́ síwájú Péjú.

"Dákẹ́," ni ó wí. "Ṣé ìwọ ni Ànú?"

Ànú gbójú sókè, kò yé e.

"Ìwọ ni ọkọ mi lọ wá kiri lọ́jà, tí kò rí. Ìwọ lo dé yìí. Kí lo ń ṣe nínú òjò? Wọlé."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde. Ànú ké nígbà náà, igbe tí kò ké lọ́jọ́ ìrántí, Mọ́mì sì gbá a mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ títí aṣọ àwọn méjèèjì fi rin gbingbin. Péjú fa ọmọ wọlé, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ gbé omi gbígbóná kaná.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò. Kò rí bíi ti àtijọ́, wọn kò sì díbọ́n pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí Péjú á dédé bínú nítorí ohun tí kò tó nǹkan, tí Ànú á sì bọ́ síta títí yóò fi rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ànú bi Péjú léèrè ohun tí Dádì wí, Péjú sì ní kó lọ bi Mọ́mì, nítorí Mọ́mì ló ni iṣẹ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni Mọ́mì sọ ọ́ fún un, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí Bùkúnmi ń ṣeré lábẹ́ tábìlì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí Péjú ṣe sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú ohùn ọkọ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé kò sí ewu mọ́. Péjú wà nílé ìdáná, ó ń bẹ pòtétò. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ dé ibi tó kẹ́yìn.

"Ó ní òun máa wá ẹ rí," ni Mọ́mì ń wí fún Ànú. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bó bá ní òun máa ṣe nǹkan, kì í padà lẹ́yìn rẹ̀."

Péjú gbé ìkòkò kaná, ó sì ké sí Ànú pé kó wá bá òun gé àlùbọ́sà.